Ọjọ́ Wo Ni Ẹ̀tọ́ Onílẹ̀ Ń Fìdí Múlẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sí Ìkòròdú, Ìbàfò tàbí Akóbọ̀ lónìí mọ̀ pé owó yóò gba ọ̀nà púpọ̀ jáde lápò òun kí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ tó dé orí ilẹ̀. Ẹbí onílẹ̀ yóò gba tiwọn, wọn yóò kọ rìsíìtì. Sáfiyọ̀ yóò wọn ilẹ̀, yóò ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀. Lọ́yà yóò kọ ìwé àdéhùn. Gómìnà ló ń fọwọ́ sí C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀, ọ́fíìsì ètò ìlú ló ń fọwọ́ sí àwòrán ilé, ìjọba ìbílẹ̀ náà yóò sì rán ènìyàn wá béèrè ìwé tirẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí ìjọba bá sọ lọ́la pé ojú ọ̀nà omi ni ilé náà wà, tàbí pé títì tuntun yóò gba ibẹ̀ kọjá, kí ni gbogbo ìwé wọ̀nyí wúlò fún? Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé nìyẹn. Ní ọjọ́ wo gan-an ni ẹ̀tọ́ ènìyàn lórí ilẹ̀ rẹ̀ ń fìdí múlẹ̀, débi pé ìjọba kò ní í lè fi àṣẹ tuntun gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìsan ohun tó tó?

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí. N kò sí lára àwọn tó ní kí ìjọba má dá sí ohun tí olúkúlùkù bá fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ìlú tí kò bá sí ẹni tó ń ṣètò ilé kíkọ́ níbẹ̀, omi òjò àti iná ni yóò máa ṣètò rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú gbogbo òfin ilẹ̀ wa, kò sí ọjọ́ kan pàtó tí onílé lè tọ́ka sí kí ó sọ pé láti òní lọ, ìjọba alára wà lábẹ́ ìwé tí ó fọwọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní Èkó. Lọ́dún 1861 ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ńlá kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìjọba, ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìdílé Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ tó ni ilẹ̀ Èkó. Nígbà tó kan owó gbà-máà-bínú, ìjọba ní Olóyè Olúwa kò ní ohun tó pọ̀ níbẹ̀, pé ẹ̀tọ́ àtimáa bójú tó ilẹ̀ àti àtigba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ló ní. Àwọn ilé-ẹjọ́ ilé gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìjọba. Amodu Tijani, tó jẹ́ Olúwa nígbà náà, kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn fún àwọn ìlú abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920, ó mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó dání, ọ̀pá yẹn sì dá wàhálà ńlá sílẹ̀ láàárín ọba àti ìjọba nígbà tó yá.

Ní 1921 ni Viscount Haldane ka ìdájọ́. Ó ní ẹbí àti ìlú lódidi ló ni ilẹ̀ lábẹ́ àṣà wa, olóyè ń mójú tó o fún wọn ni, àti pé ìjọba tó bá gba ìlú lọ́wọ́ ọba kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹni tó san owó fún ẹni tó ni ilẹ̀ tán pátápátá ni kí ìjọba san án. £22,500 ni wọ́n san níkẹyìn. Owó yẹn tóbi ní ayé ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìlànà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló wúlò jù fún wa: bí ìjọba bá yí padà, tí òfin bá yí padà, ẹ̀tọ́ tí ènìyàn ti ní kí ìyípadà náà tó dé kì í pòórá. Ìwé tí ẹnì kankan ò kọ, tí a ò tẹ̀, tí ó wà nínú ìrántí àwọn àgbà ẹbí nìkan, borí ìwé tí ọba kan fọwọ́ sí lábẹ́ ìbọn.

Láàárín ìgbà yẹn náà ni ètò ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ní agbára tirẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924, ní 1928 sì ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ Lagos Executive Development Board (LEDB) sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Láti 1955 ni ìgbìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Ní ibòmíràn ní Nàìjíríà, òfin ètò ìlú 1946 ti fàyè gba àwọn aláṣẹ ètò ìlú lágbègbè kọ̀ọ̀kan, Ìwọ̀-Oòrùn sì ṣe tirẹ̀ ní 1959. Ní àkókò wọ̀nyẹn, bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀, ó mọ̀ pé ẹni tó ni ín wà níwájú òun. Ìjà a máa wà lórí iye owó, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bi onílẹ̀ pé ta ló ni í.

Ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, 1978 ni ìyẹn yí padà. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde, abala kìíní rẹ̀ sì fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kí ó dì í mú fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wà ní Àríwá tipẹ́, títí kan ti 1962. Ní Gúúsù, ohun tí ìjọba ń sọ ni pé àwọn tó ń ra ilẹ̀ pamọ́ kí ó lè gbówó lórí ti sọ ọ́ di ohun tí ìjọba gan-an kò lè rà láti fi kọ́ ilé-ìwé tàbí ilé-iṣẹ́. Ẹ̀sùn yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n lò fún un sọ ìdájọ́ tí Olúwa rìnrìn àjò òkun nítorí rẹ̀ di ohun tí a ń kọ́ nínú ìtàn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé òfin kan náà tó gba ilẹ̀ yìí tún dá ẹ̀tọ́ àwọn tó ti wà níbẹ̀ sí. Abala 34 sọ pé ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìlú ńlá, tó sì ti kọ́ nǹkan sí i kí òfin tó dé, yóò máa jẹ́ bí ẹni pé gómìnà fúnra rẹ̀ ló fún un. Ẹni tí tirẹ̀ ṣófo yóò mú ìdajì hẹ́kítà, ìyẹn bíi pílọ́ọ̀tì méje tó jẹ́ 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà, ìyókù di ti gómìnà. Abala 36 ṣe irú rẹ̀ fún ilẹ̀ oko. Àwọn adájọ́ sì ti ti ẹ̀tọ́ yìí lẹ́yìn. Ní 1990, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé bí gómìnà bá fún ẹlòmíràn ní C of O lórí ilẹ̀ tí ẹnì kan ti ní kí òfin tó dé, láìkọ́kọ́ gba ẹ̀tọ́ ẹni àkọ́kọ́ yẹn padà bó ti yẹ, ìwé náà kò fún ẹni tuntun ní ilẹ̀. Ní 1991, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà sọ pé gómìnà kò lè gba ilẹ̀ lórúkọ àǹfààní ará ìlú kí ó wá yí i lé ilé-iṣẹ́ aládàáni kan lọ́wọ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n sọ fún àwọn àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ pé òfin 1978 kò sọ wọ́n di onílẹ̀ mọ́ ẹni tó fún wọn níbi oko lọ́wọ́.

Ìdájọ́ wọ̀nyí dára, mo sì fẹ́ kí gbogbo mọ́gàjí àti olórí ẹbí mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó kù. Abala 22 ní ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tà á, kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ìdúró fún ẹ̀yáwó, láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ní 1989, ẹjọ́ Savannah Bank dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ẹni kan ti fi ilé rẹ̀ ṣe ìdúró fún ẹ̀yáwó, kò gba ìyọ̀ǹda. Nígbà tí ilé-ìfowópamọ́ fẹ́ ta ilé náà, òun fúnra rẹ̀ ló lọ sílé-ẹjọ́ pé ìwé tí òun fọwọ́ sí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó jàre. Àwọn adájọ́ ní àní ẹni tí abala 34 dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí náà gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda. Ẹ̀tọ́ tí o ní kí gómìnà tó jọba lórí ilẹ̀, ọwọ́ gómìnà ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá kí o tó lè fi ṣe nǹkan.

Owó gbà-máà-bínú ló wá fi ibi tó le jù hàn. Bí gómìnà bá gba ilẹ̀ fún àǹfààní ará ìlú, abala 29 ní kí wọ́n san iye tí yóò náni láti kọ́ ilé tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ti ogbó rẹ̀. Irè oko ní iye tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi lélẹ̀. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Iye owó tí onílẹ̀ san fún ìjọba lórí rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n gbà á ni wọn yóò dá padà. Ẹ ronú nípa ìdílé kan ní ẹ̀bá Lẹ́kí tàbí Ìbẹ̀jú tí bàbá ńlá wọn ti ń dáko níbẹ̀ láti ayébáyé, tí wọn kò san nǹkankan fún ìjọba rí. Ilẹ̀ tí ọjà rẹ̀ ti di mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún lè má ju owó ẹ̀gẹ́ àti igi ọsàn lọ lójú òfin. Bí wọ́n bá sì ní owó náà kéré, abala 47 ti ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́ mọ́ wọn lórí iye rẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 sì wà níbẹ̀, abala 44 rẹ̀ ń sọ pé ẹni tí wọ́n gba ohun ìní rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba owó kíákíá, kí ó sì lè lọ sílé-ẹjọ́ lórí iye owó náà. Òfin méjì yìí ń bára wọn jà lójú wa, àwọn aláìní ló sì ń fara gbọgbẹ́.

Níbo wá ni ìjọba ìbílẹ̀ wà nínú gbogbo èyí? Abala 6 Òfin Lílo Ilẹ̀ fún un ní àṣẹ láti pín ilẹ̀ tí kò sí nínú ìlú ńlá: tó 500 hẹ́kítà fún oko, tó 5,000 fún ìjẹko ẹran. Ṣùgbọ́n gómìnà ló ń fi gàsẹ́ẹ̀tì sọ ibi tó jẹ́ ìlú ńlá, nípa bẹ́ẹ̀, bí ìlú bá ṣe ń gbòòrò ni àṣẹ alága ìjọba ìbílẹ̀ ń kéré sí i. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè, nígbà tó ń ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, mẹ́nu ba sísọ àdúgbò lórúkọ, kíkọ nọ́ńbà sára ilé àti pátákó ìpolówó, kò fún un ní àṣẹ lórí ètò ilẹ̀. Òfin ètò ìlú 1992 ní kí aláṣẹ ètò ìlú wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ wa, òṣìṣẹ́ gómìnà ló jókòó sí ọ́fíìsì yẹn. Ní oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Owó nìkan nìyẹn. Alága tó mọ ibi tí omi máa ń gbà nínú ìlú rẹ̀, tó mọ ẹbí tó ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, kò ní ohùn tó dúró nínú ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Lójú tèmi, àṣìṣe ńlá ni. Ètò ìlú tí a ń ṣe láti ọ́fíìsì gómìnà ní Aláúsà tàbí Agodi nìkan kò lè mọ ọ̀nà àgbàrá kan yàtọ̀ sí èkejì.

Àwa la máa ń sọ pé oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Láàárín ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, ààlà yẹn pẹ́ kó tó hàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba àpapọ̀ ń fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé lórí àwọn ilẹ̀ rẹ̀ ní Èkó, tí ìpínlẹ̀ ń sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ní 2003, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ parí ìjà náà: ètò ìlú jẹ́ iṣẹ́ ìpínlẹ̀, àní lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Síbẹ̀ ìjà kò tán. Ní 2024, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí títì ńlá etí òkun láti Èkó dé Kàlàbá, mínísítà iṣẹ́ ní ilẹ̀ tó wà láàárín 250 mítà sí etí òkun jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn tó ní ilé-iṣẹ́ etí òkun níbẹ̀ ti gba ìwé lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Katapílà wó apá kan lára wọn, ìjọba sì san owó fún àwọn kan. Ìjọba kan fún ni níwèé, ìjọba kejì ní òun kò rí i.

Àwọn kan wà tí wọn kò tilẹ̀ dé ibi tí a ti ń jiyàn lórí ìwé. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Èkó lábẹ́ Raji Rasaki fún àwọn ará Marókò ní ọjọ́ méje láti kó ẹrù wọn. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bíi 300,000 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì ti sanwó fún àwọn ẹbí onílẹ̀ àdúgbò náà. Ìjọba ní ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, pé òkun lè bò ó. Lẹ́yìn tí wọ́n wó o tán, wọ́n da yanrìn sí ilẹ̀ kan náà, ó di àdúgbò àwọn ọlọ́rọ̀. Ní 2016 sí 2017, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Otodo-Gbame, abúlé àwọn apẹja Ẹ̀gùn ní etí ọ̀sà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹjọ́ gíga Èkó ti ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹfà 2017, ilé-ẹjọ́ náà sọ pé lílé ènìyàn jáde láìfún wọn ní ibi tí wọn yóò sùn lòdì sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ilé ti wó ná.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí léèrè ti àwọn ilé tó ń wó pa ènìyàn. Ìbéèrè tó yẹ ni. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kọkànlá, 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní ojú ọ̀nà Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa àwọn tó lé ní 40. Àjà 15 ni ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ̀tọ́ onílé níbẹ̀ kò kọjá àjà 15, ohunkóhun tó bá fi kún un, kò sí òfin tó gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Bákan náà ni ẹni tó mọ odi dí ọ̀nà omi láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ìwé àṣẹ lọ́nà tó tọ́, tó kọ́ ohun tó wà nínú ìwé náà gẹ́lẹ́, tí wọ́n wá sọ fún un lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá pé kò yẹ kí ìjọba ti fún un, kì í ṣe òun ló ṣẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ síwèé ló yẹ kó san án.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ìlú àti káúńtì ló ń fún ni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, wọ́n sì ti ja ìjà yìí dé ibi tó jinlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Avco ní ilẹ̀ ní etí òkun Orange County ní California. Káúńtì fọwọ́ sí pípín ilẹ̀ náà sí pílọ́ọ̀tì, Avco la ọ̀nà, ó la gọ́tà, ó ná ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ní 1972, àwọn olùdìbò gbé òfin kan kalẹ̀ láti dáàbò bo etí òkun. Avco ní òfin náà kò kan òun, pé ẹ̀tọ́ òun ti fìdí múlẹ̀. Ní 1976, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà sọ pé rárá: kò tíì gba ìwé àṣẹ tí a fi ń kọ́ ilé fúnra rẹ̀, nítorí náà kò tíì ní ẹ̀tọ́ kankan tí òfin tuntun kò lè fọwọ́ kàn. Ó dun àwọn kọ́lékọ́lé gan-an, ní 1979 sì ni àwọn aṣòfin fún ìjọba ìlú láyè láti bá ẹni tó fẹ́ kọ́lé ṣàdéhùn tí òfin tuntun kò ní í yẹ̀. Ìpínlẹ̀ Washington yan ọ̀nà mìíràn. Láti 1954 ni ilé-ẹjọ́ wọn ti sọ pé ọjọ́ tí ènìyàn bá mú ìwé ìbéèrè rẹ̀ tó pé pérépéré wá, òfin ọjọ́ yẹn ni a óò fi dá a lóhùn, wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin ní 1987. Èyí tó wù wá nínú méjèèjì, a lè máa jiyàn lé e lórí. Èmi fara mọ́ ti Washington, nítorí pé lọ́dọ̀ wa, ìwé lè wà lórí tábìlì òṣìṣẹ́ fún ọdún kan, kò sì tọ́ kí ìyà ìjáfara yẹn jẹ onílé. Àmọ́ ìpínlẹ̀ méjèèjì ló dárúkọ ọjọ́ kan.

Àwọn tó bá ń retí pé kí a tún Òfin Lílo Ilẹ̀ ṣe kí nǹkan tó dára yóò dúró pẹ́. Abala 315 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti fi ọgbà yí i ká: ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Ábújá, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀. Ààrẹ Yar'Adua gbìyànjú ní 2009, àbá rẹ̀ kò di òfin. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ 2003 ti ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ tí a kò tíì rìn. Bí ètò ìlú bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ilé aṣòfin Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó tàbí Èkìtì lè kọ ọjọ́ náà sínú òfin ètò ìlú tirẹ̀ láìbi Ábújá léèrè. Kí ó sọ pé òfin tó wà ní ọjọ́ tí ìwé ìbéèrè pé tí owó rẹ̀ sì wọlé ni a óò lò. Kí ó sọ pé bí a bá ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ tó tọ́, kò sí ẹni tó lè wọ́gi lé e àfi fún ewu ẹ̀mí tàbí iṣẹ́ gbogbo ìlú, àti pé owó yóò ti dé ọwọ́ onílé kí katapílà tó dé. Kí ó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi àwòrán ọ̀nà omi, ojú títì àti ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà lé ara ògiri rẹ̀, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ wá ra pílọ́ọ̀tì ti lè rí i kí ó tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò tó bá fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ aṣòfin tó ń ṣojú wọn ní ìpínlẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí mẹ́ta yìí.